Òdòdó orí òkúta símẹ́ǹtì tí kò lè hù ní Ṣágámù

Àbúrò wa kan tó ń kàwé ní Ṣágámù gbọ́ nípa Braya longii, òdòdó kékeré inú ẹbí mọ́sítádì, ìyẹn ẹbí tí kábéèjì náà wà. Kò sí ibòmíràn tó ti ń hù láyé ju erékùṣù Newfoundland ní Kánádà lọ, lórí pápá òkúta tí otútù àti afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí igi ga. Ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi gidigidi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní orí irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì ló ń hù. Irú òkúta yẹn náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ. Kí ló dé tí kò fi lè hù lọ́dọ̀ wa?

Ìdáhùn: Òkúta nìkan kọ́ ló ń wá, ilẹ̀ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ní Newfoundland, omi inú ilẹ̀ a dì, a yọ́, a tún dì. Bó bá ti dì, yóò wú, yóò sì ti wẹ́wẹ́ òkúta sókè. Ọ̀pọ̀ koríko tó bá fẹ́ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, yìnyín a fà á tu. Braya fara dà á: gbòǹgbò rẹ̀ gùn wọlẹ̀, ewé rẹ̀ tó nípọn díẹ̀ ṣù mọ́ra nílẹ̀ẹ́lẹ̀, igi òdòdó rẹ̀ kì í sábà ga ju ìka ọwọ́ lọ. Kò lè bá ewéko ńlá du oòrùn. Níbí, kí òjò bíi mélòó kan tó rọ̀, ewé Akíntọ́lá á ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe mọ̀ pé ìbátan kábéèjì ni?

Ìdáhùn: Wo òdòdó rẹ̀: ewé òdòdó funfun mẹ́rin bí àgbélébùú, fọ́nrán akọ mẹ́fà láàárín, mẹ́rin gùn, méjì kúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kábéèjì. Ẹ̀kúyá tí àwọn ìyá wa ń sè kò jìnnà sí wọn. Oje tó ń mú kó ta nímú, irú rẹ̀ ló wà nínú ẹbí mọ́sítádì.

Ìbéèrè: Ṣé oje yẹn kì í dáàbò bò ó ni?

Ìdáhùn: Ó ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ṣùgbọ́n àfòpiná kékeré kan wà tí àwọn tó ń gbin kábéèjì mọ̀ bí ẹni mowó. Oje yẹn gan-an ló fi ń mọ ibi tí yóò yé ẹyin sí. Afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń gbé e dé erékùṣù náà, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ Braya. Èyí dùn mí, nítorí wíwa òkúta àti líla ọ̀nà ti kọ́kọ́ gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Kánádà ti kà á mọ́ àwọn ewéko tó fẹ́ parun. Ní St. John's, ìlú kan ní Newfoundland, ọgbà ewéko Yunifásítì Memorial ń gbìn ín pamọ́.