Kì í ṣe Àṣìta, Àfọwọ́fà Ìbọn Ni

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn rédíò ní Àkúrẹ́, ẹ ó ti gbọ́ ọ títí tó fi sú yín: "àṣìta ìbọn ba ọmọkùnrin kan." Ó máa ń bí mi nínú. Ta ló ṣì í ta? Ìbọn ni? Ọ̀rọ̀ yẹn ń dá ìbọn lẹ́bi, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ wá ń lọ sílé jẹun. "Àsídẹ́ńtà dìsíṣáàjì" tí àwọn ọlọ́pàá ń wí, pé ìbọn ṣèèṣì yìn, tún burú jù, bí ẹni pé ọsibítù ni wọ́n ti dá aláìsàn sílẹ̀.

Ìbọn tó yìn nítorí pé ẹni tó gbé e kò bìkítà, àfọwọ́fà ìbọn ni mo ń pè é. Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ àfọwọ́fà: wàhálà tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ni. Apátí ìbọn náà kì í sì í fa ara rẹ̀, ọwọ́ ló ń fà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé méjèèjì. Olùkọ́ èdè kan ní Oǹdó bá mi fà á títí: ó ní ẹni tó fa àfọwọ́fà ló yẹ kó jìyà rẹ̀, ẹlòmíì sì ni ọta bà. Ó ní kí n máa wí "ìyìnbọn àìmọ̀ọ́mọ̀". Ó rí i sọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ọ́mọ̀ ni ọmọdé ń ké tó bá fọ́ àwo. Ẹlòmíì ni ọta bà, òótọ́ ni, ẹjọ́ ńkọ́? Ẹjọ́ mọ ilé ẹni tó yìn ín.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tó fi okùn tó yi so ewúrẹ́ rẹ̀, tí okùn já lóru, èèṣì ni tirẹ̀. Ẹni tí kò so ó rárá, tí ewúrẹ́ náà wá wọ oko aládùúgbò, kò lè ní àgbàdo ló ṣèèṣì kó sí i lẹ́nu. Bí irin inú ìbọn bá dédé ṣẹ́, okùn ló já. Ṣùgbọ́n bí ìka bá wà lórí apátí láìtíì rí ohun tí a fẹ́ yìn, tàbí tí ọdẹ rí nǹkan tó ń mì nínú igbó Ìdànrè lóru tí kò dúró wò bóyá ẹtu ni tàbí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ò sí lókùn. Ìbọn ṣakabùlà ni o, ìbọn pọ́ǹpù ni o, ọ̀kan náà ni.

Òfin pàápàá mọ̀ ọ́n. Abala 24 nínú ìwé òfin ọ̀ràn dídá tí a ń lò ní gúúsù níbí gba èèṣì láwìíjàre, ó sì yọ àìbìkítà sọ́tọ̀. Abala 304 ní kí ẹni tí ohun eléwu wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ṣọ́ ọ. Jeff Cooper, ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan, ṣe òfin 4 fún àwọn tó ń gbé ìbọn. Èkíní ni pé kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí a ti ki. Àwọn bàbá wa ti wí i: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?

Ní 2021, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní New Mexico, ọta gidi jáde nínú ìbọn tí wọ́n fi ń ṣeré, ó pa obìnrin tó ń bójú tó kámẹ́rà. Ní 2024, ẹni tó ń tọ́jú ìbọn ni wọ́n rán lẹ́wọ̀n oṣù 18. Olùkọ́ Oǹdó yẹn á ní ọwọ́ ẹni yẹn kọ́ ló wà lórí apátí. Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ki ìbọn.