Ṣé lóòótọ́ ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí sọ pé kò sí obìnrin nílẹ̀ Yorùbá?

Ìbéèrè: Ta tiẹ̀ ni Oyěwùmí yìí?

Ìdáhùn: Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ Ṣọ̀ún tó wàjà ní 2021. Ó kàwé n'Íbàdàn, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ní Yunifásítì Stony Brook ní New York. Ìwé rẹ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀, The Invention of Women, jáde ní 1997. Lọ́dún kejì, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ l'Amẹ́ríkà fún un lẹ́bùn.

Ìbéèrè: Ṣé ó sọ pé kò sí obìnrin ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àwọn tí kò ṣí ìwé náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Ohun tó wí ni pé, láàárín Ọ̀yọ́-Yorùbá kí òyìnbó tó dé, a kì í wo ẹni tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ká tó mọ ipò rẹ̀. Ẹni tó ṣàgbà, ẹni tó ṣáájú wọ ilé, là ń wò.

Ẹ wo agbo ilé. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé, ọkọ ni fún ìyàwó tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, àfi Ìbàdíàrán, àfi Eyínfúnjowó, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Àmọ́ ọmọbìnrin yìí náà ń bọ̀ wá relé ọkọ, níbi tí yóò ti máa kúnlẹ̀ fún àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ẹnì kan náà ni, ilé ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ibo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ti wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Oyěwùmí ní ọkùnrin ni wọ́n bá dòwò ìjọba pọ̀, ọkùnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́ ọ́fíìsì àti réluwé, nígbà tí ilẹ̀ ẹbí sì di ọjà, ẹ̀tọ́ obìnrin nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń lé àbúrò rẹ̀ obìnrin nídìí ogún pẹ̀lú “àṣà wa ni” ní àlàyé tó máa ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ yìí sí pàtàkì, bí n kò tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè: Kí lẹ kò gbà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Èmi nìkan kọ́. Ní 2003, Bibi Bakare-Yusuf, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kọ̀wé takò ó. Ó ní ipò àgbà nìkan kọ́ ni agbára, àti pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn lè má rí àwọn agbára mìíràn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Tèmi kò ju èyí lọ: nínú ìlànà agbo ilé yẹn, ta ló máa ń kẹ́rù relé onílé lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀? Obìnrin ni. A lè dáhùn pé ó ṣì jẹ́ ọkọ nílé bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ló ń lò níbẹ̀ lọ́dún?