Bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀

Kí ẹni tó fẹ́ kí ọlọ́fọ̀ ní Ìlọrin tó la ẹnu, ó ti ní láti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó fi sáyé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ti ń wá.

Arúgbó tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni, "ẹ kú ìnáwó" sì lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò tíì dàgbà, òkú ọ̀fọ̀ ni: "ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ọjọ́ orí nìkan kọ́ o. Ẹni ọdún 60 tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ọ̀fọ̀ ni lójú ìyá yẹn, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn ọmọ olóògbé lè máa gba "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀; ẹni tó bá gbé "ẹ kú ìnáwó" wọ yàrá ìyá àgbà, ilé ni kò ti gba ẹ̀kọ́.

Ti ìkókó tún yàtọ̀. "Omi ló dànù, agbè kò fọ́" ni wọ́n ń sọ fún abiyamọ, pé òun ṣì wà, Ọlọ́hun á fi òmíràn rọ́pò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ èyí fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fọ̀ kì í ṣe òfò: ẹni tí olè kó lọ́jà ní Ìpàtà ló ń gbọ́ "ẹ kú òfò, Ọlọ́hun á dá a padà."

Láàárín Mùsùlùmí, "Ìnnà lílàhi" inú Súrà Bákárà, ẹsẹ 156, ló ń ṣíwájú, kí "Ọlọ́hun á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere" tó dé. Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń kí títí di fídáù, àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún olóògbé lọ́jọ́ kẹjọ. Opó ń jókòó oṣù 4 àti ọjọ́ 10, ẹni tó pẹ́ dé ṣì lè lọ bá a. Ní ìhà Òmù-Àrán, òkú Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àgbà lè pẹ́ ní mọ́ṣúárì. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ọjọ́ ikú á wá di "ẹ kú ìnáwó" lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìdáhùn ọlọ́fọ̀ náà ní ìlànà. Ẹni tí wọ́n bá a yọ̀ níbi ìgbéyàwó á ní "a ó fi ayọ̀ san án." Ọlọ́fọ̀ kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé òun yóò san tirẹ̀ padà, torí gbèsè ikú nìyẹn. Ó ní láti yí i: "Ẹ ṣé o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Àlejò á sì ní "àmín" kíákíá.