Ta Ló Kọ́ Olùkọ́ Fásitì Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ni?

Ní ilé kéú Ìlọrin, ojú àáfà ni àáfà tuntun ti ń hù. Ọmọ tó ti rìn jìnnà, tó ti ń ka Kùránì láìkọsẹ̀, àáfà á kàn nawọ́ sí àwọn kéékèèké tó gbé wàláà lé itan, á ní: "Gba tiwọn fún mi." Ó di olùkọ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ etí àáfà kò kúrò lára rẹ̀. Bó bá yára jù, wọ́n á dá a dúró. Bó bá jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀, wọ́n á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè gba ọdún púpọ̀ kó tó gba ìjásà, ìyẹn àṣẹ láti fi ìwé kan pàtó kọ́ ẹlòmíràn, tí orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ti ẹni tó kọ́ olùkọ́ rẹ̀ tò sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Fásitì náà ò ṣàì bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ọ̀rọ̀ Látìn tó bí "dókítà", docere, "kọ́ni" ló túmọ̀ sí. Ní àwọn fásitì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá gba oyè ti gba àṣẹ ìkọ́ni nìyẹn. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ sọ pé ara ìjásà àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti rí i kọ́. Àwọn mìíràn ò gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fà á. Jámánì ló wá yí ọ̀rọ̀ padà: láti ìgbà tí wọ́n dá fásitì Berlin sílẹ̀ lọ́dún 1810, ìwádìí ló bọ́ síwájú. Dókítà di ẹni tó ṣàwárí ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. Fásitì Yale fúnni ní PhD àkọ́kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1861, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Oyè ìkọ́ni di oyè ìwádìí, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ta ni yóò wá máa kọ́ àwọn ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Herman Remmers ní fásitì Purdue ṣe fọ́ọ̀mù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi díwọ̀n olùkọ́ wọn. Àmọ́ fọ́ọ̀mù kì í kọ́ni níṣẹ́. Ó kàn ń sọ fún èèyàn pé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọdún 1962 ni fásitì Michigan tó dá ojúkò kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìkọ́ni, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Stanford Ericksen sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Lákòókò kan náà, ní fásitì Stanford (orúkọ ló kàn bára mu o), Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa kọ́ ọmọ mẹ́rin márùn-ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n gba fídíò rẹ̀, kó wo ara rẹ̀, kó tún un kọ́.

Bí irú ojúkò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló wù mí jù. O pe ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ. Nígbà tí sáà bá dé ìdajì, á ní kí o jáde, á wá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló ń ràn yín lọ́wọ́, kí ló ń dí yín lọ́wọ́? Ohun tó bá gbọ́, ìwọ nìkan ló máa sọ ọ́ fún. Kì í dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéga. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ta ni yóò ṣí àbùkù ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé yóò ṣèdíwọ́ fún owó oṣù òun?

Lọ́dún 1976, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pè é ní POD. Ọdún yẹn gan-an ni fásitì Ìlọrin, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 lábẹ́ fásitì Ìbàdàn, gba 200 akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀: Áàtì, Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀kọ́. Ẹ wò ó ná! Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ ti wà nílé láti ọjọ́ kìíní, àmọ́ kò pọn dandan kí aládùúgbò wọn tó ń kọ́ni ní físíìsì kan ilẹ̀kùn wọn. Ìlànà ìjọba ní kí ẹni tó máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní A-B-D ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, tó lè lọ gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò. Ẹni tó máa kọ́ ọmọ ogún ọdún ńkọ́? PhD rẹ̀ ti tó.

Síbẹ̀, Ìlọrin dá ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní COBES: wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé ní ìletò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n mọ irú omi tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu àti àìsàn tó ń bá wọn fínra. Nótì tó ti pọ́n láti ọdún mẹ́wàá kò wúlò fún olùkọ́ tó bá tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Peter Okebukola, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ń darí NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn fásitì Nàìjíríà, láti 2001 sí 2006, àjọ náà gbé ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀, VIHEP, tí lẹ́kíṣọ̀ ti lè kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, àfi sùúrù.

Èmi ò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀sì mẹ́ta, wọ́n fi kíláàsì hàn mí, ó parí. Ní ọdún kẹta, mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ọ̀fà, pé kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi.

"Ṣé wọ́n fẹ́ gbé ọ ga ni?"

Mo ní rárá, sà. Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní:

"Ìgbà mẹ́rìnlá lo bi wọ́n pé 'Ṣó yé yín?' Gbogbo wọn ń dáhùn pé 'Ó yé wa, sà.' O ò bi ẹnì kan ṣoṣo pé kí ló yé e."