Orin fún Sasofóònù Mẹ́rin, Op. 109 (Glazunov)

Orin fún sasofóònù mẹ́rin, Op. 109 (ìyẹn nọ́ńbà 109 lára àwọn iṣẹ́ olùkọ rẹ̀), jẹ́ iṣẹ́ tí Alexander Glazunov (1865–1936), olùkọ orin ará Rọ́ṣíà, kọ ní ìlú Paris ní ọdún 1932. Sasofóònù soprano, alto, tenor àti baritone, láti orí èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù dé orí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù, ni wọ́n fi ń fun ún, orí kíì (ìtò ohùn) B-flat major ni ó sì dúró lé. Apá mẹ́ta ni ó ní, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 25. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, nítorí Jean-Baptiste Singelée, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ti kọ orin fún sasofóònù mẹ́rin ní ọdún 1857.

Bí ó ṣe wáyé

Glazunov, tí ó ti ń darí ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ti St. Petersburg láti ọdún 1905, kúrò nílé ní ọdún 1928, ó sì wá fi Paris ṣe ibùgbé. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ àwọn afunfèrè mẹ́rin láti inú ẹgbẹ́ olórin Garde républicaine (ẹ̀ṣọ́ ológun ilẹ̀ Faransé), tí Marcel Mule jẹ́ aṣáájú wọn. Àwọn ni ó kọ orin náà fún, tí ó sì fi júbà fún. Ó bẹ̀rù pé gígùn rẹ̀ lè mú kí ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rù náà kò ṣàì nídìí, nítorí afunfèrè gbọ́dọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni àyè ìsinmi kò pọ̀ níbi tí ẹni mẹ́rin péré ti ń gbé gbogbo orin. Oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n kọ́kọ́ fun orin náà ní gbangba ní Paris.

Canzona variée

Apá kejì yìí, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí orin tí a yí padà lóríṣiríṣi, ni oríṣiríṣi àrà inú iṣẹ́ náà ti hàn jù lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó mú kí àwọn afunfèrè má ṣe jọ̀wọ́ orin náà. Ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ rọra ń lọ bí orin ìsìn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ń gbé e. Lẹ́yìn náà ni a yí i padà lọ́nà márùn-ún. Méjì àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ tí kò gba eré. Ẹ̀kẹta, tí Glazunov fúnra rẹ̀ kọ "à la Schumann" (ní ọ̀nà ti Schumann, olùkọ orin) sí lórí, kún fún ohùn méjì alámùúlégbè tí afunfèrè ń yára pààrọ̀ léraléra. Ẹ̀kẹrin jẹ́ "à la Chopin", ní ọ̀nà ti Chopin, olùkọ orin mìíràn. Ẹ̀karùn-ún sì jẹ́ Scherzo (orin eré) tí ó ń sáré gan-an.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé dùùrù ni Schumann àti Chopin fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí ìka mẹ́wàá ẹnìkan ṣoṣo ń ṣe lórí dùùrù, níbi tí ẹsẹ̀ tún lè mú kí ohùn pẹ́ kí ó tó kú, ni a pín fún ẹni mẹ́rin níhìn-ín, tí èémí wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Nítorí náà, àyídà kẹta àti ìkẹrin máa ń fi ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ hàn ju Scherzo lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Scherzo ni etí kọ́kọ́ ń kà sí èyí tí ó le.

Àwọn apá yòókù

Allegro (orin tí ó yára) ni apá kìíní, tí ó yára sí i ní ìparí. Apá kẹta, Allegro moderato (tí ó yára níwọ̀ntúnwọ̀nsì), jẹ́ orin aláwàdà díẹ̀.

Nọ́ńbà iṣẹ́ náà

Nọ́ńbà 109 yìí kan náà ni ó wà lára orin tí Glazunov kọ ní ọdún 1934 fún alto sasofóònù kan pẹ̀lú àwọn ohun èlò olókùn, èyí tí ó kọ fún Sigurd Raschèr. Nítorí náà, iye ohun èlò ni kí ẹni tí ó ń wá ìwé orin náà wò, kì í ṣe nọ́ńbà.