Géèjì tó dúró sórí C kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ́ńjìnnì ò gbóná

Ọkàn ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń balẹ̀ tí ọwọ́ géèjì tẹ́ńpíréṣọ̀ ò bá kúrò lórí C, ìyẹn tútù, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. "Mọ́tò mi kì í gbóná rárá," ni wọ́n máa ń wí, àwọn tó ń ta tókunbọ̀ sì máa ń fi pọ́n ọjà wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Omi inú rẹ̀ ní láti wà láàárín nǹkan bí 80 sí 95 digiri Sẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà náà ni ọwọ́ géèjì máa ń dúró nítòsí àárín. Tí ẹ bá ti wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 20 tí ọwọ́ géèjì kò mira, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ thermostat, ìyẹn fáàfù tó ń dí ọ̀nà omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ò sì gbóná tó. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń gbóná gan-an, géèjì ni kò lè sọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń jo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ awakọ̀ lójú.

Ẹ wo bí géèjì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ bíi Camry Orobo tàbí Corolla ayé 1990 sí 1999. Sẹ́ńsọ̀ kékeré oníwáyà kan wà lára ẹ́ńjìnnì, nítòsí ibi tí hóòsì òkè rédíétọ̀ ti wọlé. Bí omi bá tutù, sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń dí iná lọ́nà. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ló ń yọ̀ǹda iná kó kọjá sí bọ́dì ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ géèjì á sì máa gòkè. Nítorí náà, lójú géèjì, wáyà tó já àti ẹ́ńjìnnì tútù kò yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí omi bá ti jò tán: inú òfìfo ni sẹ́ńsọ̀ wà, ọwọ́ lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odindi dáṣíbọ́ọ̀dù fún yín kí ẹ tó dán èyí wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fa wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ẹ so gílóòbù kékeré 12 V, 3.4 W, mọ́ ẹnu wáyà náà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kejì gílóòbù náà kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà tàbí ìdọ̀tí. Bí gílóòbù bá tàn tí ọwọ́ sì ń lọ sí H, ìyẹn gbígbóná, wáyà àti géèjì dáa, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti yọ thermostat. Ẹ yọ gílóòbù náà kíá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Bí ohunkóhun ò bá mira, ẹ tọpa wáyà náà dé dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì wo fíúùsì. Bí géèjì epo náà bá ń ṣe ségesège, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ti bẹ̀rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: kí ọwọ́ fò dé H láàárọ̀ kùtù, bí ẹ bá ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ fa wáyà yọ. Bí ọwọ́ bá wálẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni. Bí kò bá wálẹ̀, wáyà ti bó níbì kan, ó sì ń kan bọ́dì.

Tí ẹ bá fẹ́ ra sẹ́ńsọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Oníwáyà méjì tó wà nítòsí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe géèjì, wọ́n sì máa ń tà á fún èèyàn ní àṣìṣe. Ẹ má wé téèpù funfun tí àwọn púḿbà ń lò yípo ẹsẹ̀ rẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ yẹn ni iná ń gbà dé bọ́dì. Tí téèpù bá dí i, géèjì á máa ka kéré.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé a ò nílò thermostat, ooru ìta kì í sún mọ́ nǹkan bí 82 digiri tí thermostat máa ń ṣí rárá. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i, ẹ́ńjìnnì á sì tètè jẹ. Èyí tó burú jù ni pé thermostat Camry yìí ní ìdérí kejì nísàlẹ̀, tó ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Láìsí i, ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnnì sì lè hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yọ ọ́ gan-an.

Kí ẹ tó ju thermostat àtijọ́ nù, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi kó má kan ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e kaná pẹ̀lú tẹmọ́mítà. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84, kó sì là tó mìlímítà 8 ní 95. Nígbà tí ẹ bá dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí fáàfù kékeré tó ń mì létí rẹ̀ kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ fi kúlántì, omi olóògùn tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀, kún rédíétọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ń dá ìpẹtà sílẹ̀, kí ẹ sítáàtì, kí ẹ sì fọwọ́ kan hóòsì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣọ́ra fún fáànù: á wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí thermostat bá ti ṣí.