Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣe Dáadáa, Ìdajì Lẹ Ó Máa Pàdánù

Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń kó wá bá mi, ì báà jẹ́ géèmù League of Legends ni wọ́n ń gbá, ì báà jẹ́ Dota 2 tàbí Call of Duty. "Ẹ̀gbọ́n, mo na gbogbo wọn mọ́lẹ̀ lánàá, mo borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe kó àwọn ọ̀dẹ̀ mẹ́rin tì mí lọ́rùn. Ó ti rí i pé mo fẹ́ gòkè ni." Iṣẹ́ mi jẹ mọ́ ẹ̀rọ tó ń yan ẹni tí yóò bá ẹni gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà mo máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí òótọ́ rẹ̀ wà kọ́ ni ariwo máa ń wà.

Inú ṣẹ́ẹ̀sì ni ìṣirò tí ẹ̀rọ náà fi ń mọ bí ọwọ́ eléré ṣe mọ̀ tó ti jáde. Arpad Elo, ọmọ Hungary tó di olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì kan ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà á lọ́dún 1960, àjọ àgbáyé FIDE gbà á lọ́dún 1970. Olúkúlùkù ní máàkì kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì ẹni méjì ló sì ń sọ ohun tó yẹ ká retí. Bí mo bá fi 100 jù yín lọ, tí a bá fi ọ̀mì sílẹ̀, nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún eré ló yẹ kó jẹ́ tèmi. Bí mo bá fi 200 jù yín lọ, 76. Bó bá di 400, 91.

Lẹ́yìn eré, ẹ̀rọ á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí a retí. Ká ní ẹni tó ní 1500 pàdé ẹni tó ní 1700, tí eré kan kò sì lè gbé ju máàkì 20 kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ ti mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni 1500 yẹn. Bó bá pàdánù, ohun tí yóò lọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé 5. Bó bá borí, ó lé ní 15 tí yóò wọlé fún un. Ọ̀gá tó na ọmọ kékeré kò rí tó 5 gbà, ó sì lè pàdánù 15 bó bá fojú di í.

Bí máàkì ṣe ń wọlé tó sì ń jáde báyìí, ó máa dúró sí ibi tí méjèèjì bá ti dọ́gba. Bí ẹ̀rọ bá wá ń wá ẹni tí máàkì rẹ̀ jọ tiyín, ìdajì lẹ ó máa borí, ìdajì lẹ ó máa pàdánù. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ fún un níyà díẹ̀. Ẹni tó ń borí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá títí lọ, àwọn tí kò tó o ló ń nà, èmi a sì máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Ti pípàdánù léraléra wá ńkọ́? Ẹ kó ọgọ́rùn-ún eléré jọ, kí olúkúlùkù gbá ọgọ́rùn-ún eré tó dọ́gba délẹ̀, tí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nǹkan bí 81 nínú wọn ni yóò pàdánù márùn-ún léraléra nígbà kan tàbí òmíràn. Àwọn tí yóò pàdánù mẹ́fà léraléra ju ìdajì wọn lọ. Àwọn bí 32 yóò pàdánù méje. Gbogbo wọn ni yóò búra pé wọ́n ṣe àwọn.

Ṣẹ́ẹ̀sì rọrùn fún ẹ̀rọ, torí ẹni kan ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú géèmù ẹni márùn-ún sí márùn-ún, èsì kan ṣoṣo ni èèyàn mẹ́wàá ń pín. Ẹ̀rọ rí i pé ẹgbẹ́ yín borí, kò rí i pé ẹ̀yin lẹ gbé wọn lẹ́yìn débẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n máa ka iye ẹni tí kálukú pa. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. TrueSkill 2, ìṣirò tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2018, ń kà á mọ́ èsì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí àwọn eléré bá ti mọ̀ pé pípa ni wọ́n ń kà, wọ́n á pa iṣẹ́ ẹgbẹ́ tì, ẹni tó ń wo àwọn yòókù sàn á sọ oògùn nù, á gbé ìbọn. Èsì eré ni èmi ṣì fara mọ́ jù, bó tilẹ̀ ń lọ́ra.

Ìlọ́ra yẹn ni kò yé ọ̀pọ̀. Ká ní òótọ́ ni pé ẹ ju ibi tí wọ́n fi yín sí lọ, tó bẹ́ẹ̀ tó yẹ kí ẹ máa borí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ogún eré, mọ́kànlá nìyẹn dípò mẹ́wàá. Ta ni yóò rí ìyàtọ̀ ẹyọ kan? Nínú ọgọ́rùn-ún eré, oríire lásán lè fi márùn-ún kún un tàbí kó yọ márùn-ún kúrò, tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí 400 eré kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tó hàn gbangba. Ẹni tó gbá eré lópin ọ̀sẹ̀ méjì tó wá ní wọ́n há òun mọ́ Silver, ọ̀kan nínú àwọn ipò ìsàlẹ̀, kò tíì gbé ẹ̀rí kankan wá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi nọ́ńbà kejì ti máàkì: bí ó ṣe dá ẹ̀rọ lójú tó. Mark Glickman ló kọ́kọ́ ṣe èyí fún ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún 1995, tó pè é ní Glicko. Àwọn olùwádìí Microsoft ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe TrueSkill fún Xbox Live, ibi tí àwọn tó ní Xbox ti ń bára wọn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tuntun á gba 25, iyèméjì rẹ̀ á jẹ́ 8.33, ipò tí wọ́n ń gbé síta jẹ́ máàkì yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ iyèméjì kúrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn òdo. Lọ́dún 2023 ni Dota 2 náà bọ́ sórí Glicko. Bí ẹ bá fi géèmù náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan tí ẹ padà dé, ẹ ó rí i pé ìdánilójú tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ipò yín ti já wálẹ̀, máàkì yín á sì máa fò sókè-sódò. Ẹ má bínú sí i. Kò mọ̀ yín mọ́ ni.

Ti àwọn ọ̀dẹ̀ mẹ́rin wá kù. Ká ní ẹnì kan nínú ogún eléré jẹ́ ìpátá tó kàn wá ba eré jẹ́. Bí ẹ̀yin kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, àyè mẹ́rin ló wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àyè márùn-ún ló wà lọ́hùn-ún. Yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ yín nínú nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún eré, yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn nínú nǹkan bí 23. Mọ́kàndínlógún yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Mẹ́tàlélógún tọ̀hún, a ní ọwọ́ wa ló dáa.

Wàyí o, ibi tí òótọ́ wà. Bí ẹ ṣe ń borí ìdajì kò fi hàn pé wọ́n ń yàn yín jẹ, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé wọn ò yàn yín jẹ pẹ̀lú. Ohunkóhun tó bá bá yín wọ inú eré ni máàkì máa ń gbé mì. Ẹ wo ẹni tó ń gbá láti Ìbàdàn, tí sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé eré náà ró, wà ní London. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú okùn abẹ́ òkun ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí London, bí a bá fà á gbọọrọ, tó 5,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ti gba milisẹ́kọ́ńdì 50, a ò sì tíì ka bí okùn náà ṣe ń yí etíkun Áfíríkà po, a ò tíì ka ti ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà. Ẹni tó ń gbé London fúnra rẹ̀ lè máa gbá ní milisẹ́kọ́ńdì 10. Nínú géèmù oníbọn, ẹni tó kọ́kọ́ rí ẹnì kejì ló ń yè. Ọmọ Ìbàdàn yìí yóò máa pàdánù títí máàkì rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn lọ́ra tó nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí ìdajì. Lójú ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ ti gún. Àmọ́ ipò tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ti wáyà wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Bákan náà ni ti àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún tí wọ́n jọ wọlé, tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, tí wọ́n wá pàdé àjèjì márùn-ún tí kò mọ ara wọn rí. Máàkì wọn lè dọ́gba lórí ìwé. TrueSkill 2 ń ka jíjọ-wọlé mọ́ ìṣirò, League of Legends sì ya ìlà kan sọ́tọ̀ tí ẹni méjì péré lè jọ wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá gbá, ìlà yẹn ni kí ẹ wọ̀.

Smurf, ìyẹn ọ̀gá tó ṣí àkáǹtì tuntun kó lè máa na àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ló ń bí mi nínú jù lọ. Nídìí ayò, gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀ta, wọ́n sì mọ òpè. Ọ̀ta ò lè daṣọ bojú wá jókòó síwájú òpè kó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkáǹtì tuntun ni aṣọ yẹn. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ máa ń tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gòkè, torí iyèméjì rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e lọ, ó ti ba eré ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Lọ́dún 2017, Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Dota 2, ní ẹni tó bá fẹ́ gbá eré rẹ̀ oní-ipò, èyí tó ń gbé ipò ẹni sókè tàbí sísàlẹ̀, gbọ́dọ̀ so nọ́ńbà fóònù mọ́ àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n ti àkáǹtì smurf 90,000 pa, wọ́n sì ní àwọn mọ àkáǹtì gidi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìyà tó bá dúró lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́ kì í dun ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fi ń bá àwọn ilé iṣẹ́ géèmù jà ni fífi máàkì pamọ́. Láti 2013 ni League of Legends ti ń fi Bronze, Silver, Gold àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ han eléré, tí máàkì gidi sì wà nínú àpò ilé iṣẹ́. Ìyẹn ló ń fa ìgbà tí ẹ borí tí wọ́n fún yín ní 15 lórí ipò tí ẹ ń rí, tí ẹ pàdánù tí wọ́n yọ 25. Ẹ̀rọ ò fìyà jẹ yín. Ohun tó ń sọ ni pé àmì ọrùn yín ti ga ju máàkì tó wà nínú àpò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé 25 ni wọ́n ń fún yín, tí wọ́n ń yọ 15, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ti fẹ́ gòkè. Kí ló dé tí wọn ò lè kàn kọ ọ́ síta?

Bí wọn ò ṣe kọ ọ́ síta ló jẹ́ kí ìfura gbilẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ bínú sí àwọn tó ń fura. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ará EA, ilé iṣẹ́ géèmù kan, wà lára wọn, kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe lè yan eré tí kò ní jẹ́ kí eléré sá lọ, yàtọ̀ sí eré tó dọ́gba. Lọ́dún kan náà ni Activision tó ń ṣe Call of Duty gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yíyan eléré tó lè mú kí èèyàn rajà nínú géèmù. Wọ́n ní àwọn ò lò ó rí. Ṣé ẹ wá fẹ́ dá ọmọ tó ń pariwo lẹ́bi?

Síbẹ̀, àwọn tó ní kí wọ́n yọ yíyan-bí-ọwọ́-ṣe-mọ̀ kúrò pátápátá kò ro ti ẹlòmíràn. Activision dán an wò nínú Call of Duty: Modern Warfare III lọ́dún 2024, wọ́n dẹwọ́ rẹ̀ fún àwọn kan láìsọ fún wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún náà. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ló kọ́kọ́ ń sá lọ. Nínú ìdá mẹ́wàá, ìdá mẹ́sàn-án eléré ni pípadà wá wọn dínkù, àwọn ọ̀gá pátápátá nìkan ló pọ̀ sí i. Ẹ wo bó ṣe ń jẹ wọlé: bí ẹni ìsàlẹ̀ bá sá, ẹni tó tẹ̀ lé e á di ẹni ìsàlẹ̀, òun náà á sá. Àwọn tí ẹ ń gbọ́ ohùn wọn lórí YouTube, ọ̀gá ni púpọ̀ nínú wọn, eré ọ̀gá tó na òpè ló sì ń dùn ún wò.

Kí lẹ lè ṣe? Ẹ yẹra fún eré oní-ipò lóru jìn. Nígbà tí èèyàn bá kéré lórí ìlà, ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí ẹ dúró títí ayé. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ ló ń fẹ àyè sí i, ẹ lè bá ẹni tó jù yín lọ fíìfíì pàdé. Bí géèmù bá jẹ́ kí ẹ yan sáfà, ẹ wo ping ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkókò tí àlọ àti àbọ̀ ń gbà, kí ẹ tó yàn, kì í ṣe orúkọ ìlú. Nígbà míràn ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ dátà yín gbà ló ń pinnu bóyá Johannesburg ni tàbí Europe. Ẹ gbé ráútà yín sórí báńkì iná kékeré tó yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá NEPA ló mú iná lọ tàbí ẹ̀yin lẹ sá. Ìjìyà kan náà ló ń fún ẹni méjèèjì, mo sì ti bá àwọn ọ̀gá mi jiyàn lórí èyí, wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ ti iná, ọ̀la gbogbo asáré á ní iná lọ. Mi ò tíì rí èsì fún wọn. Bí wọ́n bá ń mú iná lọ mú iná bọ̀ ládùúgbò yín, eré tí kò ní ipò ni kí ẹ gbá lọ́jọ́ náà.